Páìpù Funfun Méjì Ara Ògiri Halldor

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Halldor ti pa súìṣì ẹ̀rọ amúlégbóná ilé rẹ̀, ó sì ti tún un tàn, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ohun kan náà ni ẹ̀rọ náà ń ṣe nígbà gbogbo. Fáànù kékeré inú rẹ̀ á yí, á dún kẹ́ẹ́, á dákẹ́. Iná pupa kan á wá máa ṣẹ́jú lára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni ń fi ojú sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò wò ó.

Ìjì yìnyín ọjọ́ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìlú Gimli ní Kánádà ni, òtútù ìta sì ti wọ ọgbọ̀n lábẹ́ òdo. Halldor àti Kristrun ìyàwó rẹ̀ lè wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra wọn. Màmá Ingunn, ìyá Kristrun, ni kò lè fara dà á. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì lágbára mọ́.

Kristrun ti pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ní èèyàn pọ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọ̀sán ọ̀la. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó tún ti na ọwọ́ sí súìṣì.

“Halldor, ìgbà wo lo máa tó gbà pé kò gbọ́ èdè yẹn?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Ohun tí o ti ń sọ láti aago márùn-ún nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà ká Halldor lára. Ó gòkè lọ sí ilé ìdáná, ó tan ófùnù gáàsì, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé àga ìyá ìyàwó rẹ̀ síwájú rẹ̀. Lóòótọ́, ibẹ̀ móoru. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Màmá fi ní orí ń fọ́ òun, èébì sì ń gbé òun.

Kristrun wo ara ògiri, níbi tí aago tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà nínú ilé wà. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Halldor ti yọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí pé ó ń ké tíì, tíì, nígbà tí òun ń wo eré họ́kì lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kristrun kò bá a jà. Ó pa ófùnù, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìyá rẹ̀, gbogbo wọn sì jáde lọ sílé Elmar, aládùúgbò wọn tó fi ogójì ọdún tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe panápaná. Àwọn yẹn bá afẹ́fẹ́ olóró nínú ilé ìdáná, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n sì tọ́jú Màmá. Wọ́n ní ká ní ó fi wákàtí kan sí i jókòó síbẹ̀ ni, ohun mìíràn ni ì bá jẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní ilé ti ṣeé wọ̀, Elmar mú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ lé Halldor lọ sábẹ́ ilé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fipá tàn án.”

“Fipá? Ẹ̀mí rẹ ni ẹ̀rọ yìí ń dáàbò bò, ìwọ wá ń bá a jà.” Elmar ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. “Wò ó. Kó tó tan iná rárá, fáànù yìí á kọ́kọ́ máa fa èéfín jáde. Ohun kékeré tí rọ́bà tín-ín-rín so mọ́ yìí ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń mí. Tí kò bá rí èémí, kò ní jẹ́ kí gáàsì ṣí. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, òun ló fi ń sọ fún ẹ pé nǹkan dí òun nímú. Ìtumọ̀ rẹ̀ rèé tí wọ́n kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé o ò kàwé ni?”

Wọ́n yí lọ sẹ́yìn ilé. Níbi tó yẹ kí páìpù funfun méjì tí ẹ̀rọ náà ń gbà mí ti yọrí lára ògiri, òkìtì yìnyín ló wà níbẹ̀, tó ga dé fèrèsé.

“Aláìnírònú wo ló da yìnyín síbí?” ni Elmar wí. “Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ ọ́, etí wọn ò gbà á.”

Halldor họ orí lórí fìlà. “Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Lánàá. Ẹ fi ẹ̀rọ yín bá wa fẹ́ yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Kristrun ti gé vínarterta, àkàrà òyìnbó aládùn, tó máa gbé wá sílé yín láti fi dúpẹ́.”

Elmar wo ipa táyà ẹ̀rọ náà. Ipa náà lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà ilé òun fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ yìnyín.

Lẹ́yìn tí wọ́n ha yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù méjèèjì, Halldor tan súìṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fáànù yí, ó dún kẹ́ẹ́, iná sì ràn láwọ̀ búlúù.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ amúlégbóná yín bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ wò ó bóyá súìṣì rẹ̀ wà ní títàn, bóyá asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí, lẹ́yìn náà kí ẹ jáde lọ wo páìpù ara ògiri. Ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe fi ófùnù tàbí èédú mú ilé gbóná láé. Bí aago ara ògiri bá ń ké tíì, tíì, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì tuntun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún; bó bá ń ké láìdáwọ́ dúró, ẹ sá jáde. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú ilé, ẹ jáde kí ẹ tó pe panápaná.

Ẹni tó bá sì ń ṣoore fún aládùúgbò rẹ̀, kó wo ibi tí yìnyín ń bọ́ sí.