Ta Ni Wọ́n Ní Ká Dín Kù Nínú Ilé Yìí?

Aránṣọ ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ilé ìwòsàn tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti gé àmì dúdú kan kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara ni. Àtìgbà náà lẹ̀rù ti ń bà á pé ó lè padà wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi kà á."

Gbẹ́nàgbẹ́nà lọkọ rẹ̀ tó ń pè ní Bàbá, ó sì sanra dáadáa. Ó gbé fóònù jìnnà sójú.

"Esi eje yin ti de. Baba ti po ju. E din baba ku, ki e wa ri wa ni Tusde."

"Bàbá ti pọ̀ jù kẹ̀?" Ọkùnrin náà wo ikùn ara rẹ̀. "Èmi tí mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí! Ta ló lọ rojọ́ mi?"

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó ń ba aránṣọ, ẹ̀rín pa á. "Wọ́n ní ká dín yín kù, Bàbá. Iyán alẹ́ ti tán nìyẹn."

Títí di Túsìdeè náà, ìdajì oúnjẹ ni Bàbá ń jẹ, ó sì ń kùn. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa pẹ́ fún mi, omi lásán ni màá máa mu." Omijé bọ́ lójú aránṣọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbọ́ ohun tí wọ́n kà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ dákun, èmi ni mi ò fi àmì sí i. Bàbà ni mo kọ, kì í ṣe bàbá! Bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná."

"Wáyà iná, nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi?"

"Ara gbogbo wa nílò rẹ̀, sà, àmọ́ bíńtín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni síńkì àti sẹlíníọ́mù, àwọn èròjà mìíràn tó ń wà nínú oúnjẹ. Mà, kí lẹ ń lò nílé?"

Aránṣọ yọ ìgò oògùn kan nínú báàgì; bàbà wà lára èròjà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. "Aládùúgbò wa ló ní ẹni tó bá ń lo èròjà yìí, jẹjẹrẹ awọ ò ní lè pa á. Ọ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, mẹ́rin ni mò ń gbé mì. Mo fẹ́ wà láàyè ni."

Ohùn nọ́ọ̀sì rọ̀. "Mo mọ̀, mà. Òótọ́ ni pé àwọn olùwádìí ti rí i pé iye èròjà wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ lè yàtọ̀ láàárín àwọn tó pẹ́ láyé lẹ́yìn àrùn yìí àti àwọn tí kò pẹ́. Ìyẹn ò sọ pé kéèyàn máa gbé e mì ló ń mú un pẹ́. Tó bá pọ̀ jù, ó lè ṣeni léṣe. Ẹ gbẹ́sẹ̀ wá."

Ó tan iná sí àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó wo àárín ọmọ ìka, ó wo abẹ́ èékánná, ó tẹ abẹ́ itan bóyá kókó wà níbẹ̀. Bàbá di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú pinpin.

"Ó mọ́ tónítóní, mi ò rí àmì àrùn kankan! Ẹ tètè wá, a tètè gé e, ẹ ò sì pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Ohun tó ràn yín lọ́wọ́ nìyẹn."

Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láì wọ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ náà jó. Bàbá bá a jó, ikùn rẹ̀ ń mì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àrùn yìí ń mú aláwọ̀ dúdú náà, ó sì máa ń sá pa mọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Tẹ́ ẹ bá rí àmì tuntun, èyí tó ń fẹ̀ tàbí tó ń yí àwọ̀ padà, tàbí egbò tí kò jinná, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dédé lo oògùn èròjà; ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò fún dókítà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni ò rọrùn fún ojú ẹni láti rí, torí náà, lónìí, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ràn yín bá yín wò ó.