Àlàfo Mẹ́ta Inú Orin Olórin

Iná gbohùngbohùn kẹsàn-án ń tàn. Kò yẹ kó tàn, nítorí èmi fúnra mi ni mo yọ okùn rẹ̀ láàárọ̀ tí mo ká a sínú àpótí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó nídìí ẹ̀rọ tó ń darí ohùn nínú gbọ̀ngàn orin yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí gbohùngbohùn tó ń súfèé, mo ti rí èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sáfẹ́fẹ́ níbi ìgbéyàwó. Èyí tí a yọ okùn rẹ̀ tó sì tún ń ṣiṣẹ́ nìkan ni n kò tíì rí.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a ń pè ní Olórin ló ni eré ọ̀sán ọjọ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ orin sílẹ̀ fún fíìmù. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ló jóná, àbúrò rẹ̀ sì wà lára òṣìṣẹ́ mọ́kànlá tí a kò rí mọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, pé ṣe ni wọ́n sá lọ wáṣẹ́ síbòmíràn. Wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e. Ni Olórin bá ní òun yóò gbé orin ìfẹ̀hónúhàn inú rẹ̀ jáde lójú èrò. Ìyá rẹ̀ ní òun yóò wá. Ọdún méjì ni obìnrin náà ti ń retí ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Kò sunkún rí.

Níbi ìdánrawò ni mo ti rí àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ orin fíìmù máa ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí òṣèré ti fẹ́ sọ̀rọ̀, kí orin má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Àlàfo mẹ́ta ló wà nínú orin náà, bẹ́ẹ̀ kò sí fíìmù, kò sí òṣèré.

"Olórin, ta ni yóò sọ̀rọ̀ níbí? Àbí kí èrò máa wúkọ́ ni?"

Ó wo ìwé orin náà títí. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé ni o. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn."

"Ó dùn lóòótọ́. Kò sì ní dà mí láàmú."

Nígbà tí wọ́n dé àlàfo kìíní, gbogbo ohun èlò orin dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Òórùn òwú tó ń jó rọra gba inú gbọ̀ngàn. Mo gbọ́ èémí, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la wà."

Èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Mo fa ohùn gbohùngbohùn kẹsàn-án wálẹ̀ dé òdo.

Ní àlàfo kejì, ohùn àgbà ọkùnrin ni. "Ìta ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà pa."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Olórin, tó ń darí àwọn tó ń lo ohun èlò orin, yíjú sí mi. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó lè rí i pé n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó lè dá orin dúró. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí àga iwájú, ó sì ń bá a lọ.

Àlàfo kẹta. "Màámi, n kò sá lọ o."

Obìnrin náà dìde. "Mo mọ̀, ọmọ mi," ó wí, bí ẹni ń dá ará yàrá kejì lóhùn. "Mo ti gbọ́." Ìgbà náà ló wá bú sẹ́kún. Orin wọlé ní àsìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó yẹ ká yin àwọn onífèrè.

Mo gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí èmi àti Olórin gbọ́ ọ, orin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nínú àwọn àlàfo náà; àwọn ohùn yòókù kò sí. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì kì í pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣàkíyèsí pé orin náà ti gùn sí i. Mo ka àwọn àlàfo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlàfo mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹnìkan sì ń mí nínú ìkẹrin.

Mo ti pe Olórin. Mo ní kó bá mi wá ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tí kò tíì sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ mi kí ẹni náà tó lanu.