Ajá Ọlọ́pàá Bu Atẹdùùrù Wa Jẹ, Ìlú Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ sún mọ́ mi, inú mi ń dùn, mi ò lè pa á mọ́ra.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, a ń dín ẹja nílé ìdáná ìjọ wa ní ìlú Calder Bend, ni Thaddeus Pickens, atẹdùùrù wa, bá wọlé. Báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Màmá Verlene, ajá ọlọ́pàá ni. Ẹlòmíì ni wọ́n ń wá. Mo ti dojú bolẹ̀, mo ti na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣì tú u sí mi."

"Ọlọ́pàá wo? N ó lọ fi àmúga yìí bá a!"

"Ẹ gbé àmúga sílẹ̀, Màmá, kí wọ́n má tú ajá sí ẹ̀yin náà!"

A rẹ́rìn-ín, a tún sunkún.

A gba ọ̀dọ̀ Rosalind Greer lọ, lọ́yà tí a ṣèrìbọmi fún níjọ wa. Thaddeus ní ọlọ́pàá yẹn lòun fẹ́ pè lẹ́jọ́.

"Ẹ pè é, Bùrọ̀dá Thad," ni Greer wí. "Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá yẹn bá lọ tán, ajá ṣì wà níbẹ̀. Ìjọba ìlú ló ra ajá, ìlú ló kọ́ ọlọ́pàá níṣẹ́. Òfin ò sì ní dá ìlú lẹ́bi torí pé òṣìṣẹ́ kan hùwà burúkú lẹ́ẹ̀kan. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé àṣà wọn ni, pé ìlú mọ̀, ó sì dákẹ́. Àwọn mìíràn tí ajá ti bù jẹ dà?"

"Níbo la ti fẹ́ rí wọn?" ni Thaddeus bi í.

Mo ní, "Nínú páálí fìlà mi!"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé níjọ wa, káàdì kékeré la ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà sí. Kíláàsì kẹta ni mo ka ìwé dé, àmọ́ mo lè ka káàdì. Mi ò sì lè da ohun tí a ti gbàdúrà lé lórí sínú ìdọ̀tí, ni mo ṣe ń kó wọn sínú páálí fìlà ọjọ́ ìsinmi. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹni mọ́kànlá ló kọ irú èyí: "Ẹ bá mi gbàdúrà, ajá ọlọ́pàá ti ya ọmọ mi lẹ́sẹ̀." Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀.

Greer wá wọn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà nínú wọn ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìlú, òǹtẹ̀ ìlú sì wà lára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn!

Nílé ẹjọ́, lọ́yà ìlú tún táì rẹ̀ ṣe. "Ìlú ò mọ̀ rárá."

Greer to ìwé mẹ́fà síwájú àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dájọ́. Nígbà tí wọ́n lọ gbìmọ̀ tán tí wọ́n padà wọlé, wọ́n ní ìlú jẹ̀bi. Orin bọ́ lẹ́nu mi:

"Ẹ ní ẹ ò mọ̀, ẹ mà mọ̀ o,
Òǹtẹ̀ yín ló ń fọhùn!
Ẹ ní ẹ ò gbọ́, ẹ mà gbọ́ o,
Òǹtẹ̀ yín ló ń fọhùn!"

Adájọ́ ní, "Màmá, ilé ẹjọ́ lèyí."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi ń kọrin nìyẹn."

Lónìí, ìlú ti yí òfin rẹ̀ padà: wọn ò gbọdọ̀ tú ajá sí ẹni tó ti dojú bolẹ̀ mọ́. Ìka Thaddeus méjì ò tíì tọ́. Ìka mẹ́jọ ló fi ń tẹ dùùrù, ijó la sì ń jó.

Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá fi agbára tó kọjá ààlà bá ọ lò, lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, kí o ya fọ́tò ọgbẹ́ rẹ. Kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìlú, má sì kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Tètè wá lọ́yà, torí ọjọ́ tí òfin fún ọ ò pọ̀. Má bi í léèrè bí o ṣe lè pe ọlọ́pàá nìkan lẹ́jọ́, bi í léèrè bí o ṣe lè pe ìlú pẹ̀lú.

Gbàdúrà o, ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń gbọ́ láìsí ìwé. Ìlú kì í gbọ́ láìsí ìwé. Kọ ọ́.