Ẹ̀gbẹ́ Òsì Tí Wọn Kò Yà ní Fọ́tò

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún ọdún 2019, páálí gígùn kan dé sí ẹnu ọ̀nà ilé Arlen Maki ní ìlú Duluth, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àlòkù kẹ̀kẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Arlen rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní Arizona ni òun ń gbé. Ọmọ Arlen kan ṣoṣo, Signe, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ló rà á fún. Àwọn méjèèjì péré ló kù nílé láti ìgbà tí ìyá Signe ti kú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Signe sí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní etí adágún, kó wá fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Àwọn tó du àyè náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Mẹ́fà ni wọ́n mú. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò bẹ̀rẹ̀, ní aago mẹ́fà ìdájí. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àdúgbò wọn kì í dé ìsàlẹ̀ títí aago mẹ́fà á fi kọjá. Ìwé tí wọ́n fún un sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù àkọ́kọ́ ti pàdánù àyè rẹ̀.

"Dádì, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó?" Signe ń fa téèpù ara páálí ya.

"Ṣé kí n fẹsẹ̀ rìn dé Arizona ni? Mo rí fọ́tò ẹ̀. Mẹ́jọ ló fi ránṣẹ́."

Fọ́tò mẹ́jọ náà mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn, níbi tí ṣéènì wà. Ìyẹn kò kọ Arlen lóminú. Ogún ọdún ló ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́, àṣà wọn sì ni pé ẹni tó bá ń ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ṣéènì ni yóò kọ síta. Ẹni tó bá ya ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ ì bá ti béèrè pé ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́. Arlen wo fọ́tò náà, ó ní, "Ẹni wa nìyí."

Ọkùnrin náà sì ní kó fi owó náà ránṣẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọ̀rẹ́ lẹ́bùn, kí àwọn tó ń báni fi owó ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà yọ nínú rẹ̀. Arlen ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó to kẹ̀kẹ́ náà tán ní ọ̀sán, ó gùn ún lọ ra wáyà bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù Bev Olafson, obìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

"Gbé e wọlé kí n yẹ̀ ẹ́ wò," ni Bev wí. "Kò ní ju ìdajì wákàtí lọ."

"Bev, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń de táyà?"

"Ìwọ náà ni. Ìwọ náà lo sì ní kí n má fọkàn tán kẹ̀kẹ́ tí mi ò bá mọ ẹni tó gùn ún. Àbí àgbà ti mú ẹ gbàgbé?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó."

"Ọwọ́ ẹ ò lójú, Arlen. Wo fọ́ọ̀kì tó di táyà iwájú mú yìí. Kì í ṣe irin, kábọ́ọ̀nù ni. Irin á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó kán, wàá rí i. Eléyìí kì í ṣèkìlọ̀."

Arlen rẹ́rìn-ín, ó san owó wáyà, ó lọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Signe dé akoto mọ́rí. "Dádì, ẹ má dúró bẹ́ẹ̀ yẹn bíi pé ogun ni mò ń lọ. Ẹ wọlé lọ mu kọfí yín."

Ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, ó tẹ bíréèkì. Fọ́ọ̀kì kán ní apá òsì, Signe sì fi èjìká ọ̀tún ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tí Arlen dé ilé ìwòsàn, ohun tí Signe kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dádì, ẹ bá mi pe ibi iṣẹ́. Ẹ ní mo máa pẹ́ díẹ̀."

Dókítà pe Arlen sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọrùn lọ sí apá ti já kúrò ní ìdí wọn. A máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín jẹ."

"Ṣé ó máa lè ṣiṣẹ́ wẹ́dà?"

"Rárá, sà."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bev fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ara fọ́ọ̀kì náà níwájú Arlen. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kán, nínú lọ́hùn-ún ẹ̀gbẹ́ òsì, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló wà. "Ó ti sán tẹ́lẹ̀. Wọ́n dí i, wọ́n wá kùn ún."

"Kí ni ǹ bá ti ṣe?" ni Arlen béèrè.

Bev fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí gọ́ọ̀mù náà. "Wàá ní kí ẹni tó ń tà á ya òsì, ọ̀tún àti abẹ́, kó ya nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ kí o lè mọ̀ bóyá wọ́n jí i. Wàá ní kó tan fídíò kó gbé e yí lójú ẹ. Tó bá kọ̀, o ò rà mọ́ nìyẹn. Wàá sanwó lọ́nà tí wọ́n á fi lè bá ẹ gbà á padà. Tó bá sì dé, ẹlòmíì á tú u wò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ lo mọ̀, Arlen."

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi polówó ti pòórá. Orúkọ tó lò kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tó bá a fi owó náà ránṣẹ́ sọ pé ẹ̀bùn ni Arlen kọ pé òun fún ọ̀rẹ́, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọn kò tún pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù kẹ̀kẹ́, ẹ lọ rí i lójúkojú, ní ọ̀sán, níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Bí ibẹ̀ bá jìnnà jù, ẹ wá èyí tó wà nítòsí. Bí ẹ bá sì mọ kẹ̀kẹ́ ju gbogbo èèyàn lọ, ẹ ṣì gbé e fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè Signe. Apá ọ̀tún Signe kò gbéra mọ́.