Ìbílọlá àti Ọkùnrin Tó Ń Rọ Ọta

Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ tí Ìbílọlá kọ́kọ́ rí Dúrótoyè. Kòkó tó sá wà lórí tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ìlú wọn, Aládé, ó ń sáré kó o, ni ọkùnrin gíga kan bá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó di etí kejì tapólì náà mú. Kí òjò tó kán, kòkó ti wà lábẹ́ òrùlé. Títí dòní, ní Kàdúná tó ń gbé, Ìbílọlá ṣì máa ń gbóòórùn kòkó yẹn bí àárò ilé bá mú un.

"Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín ti bàjẹ́."

"O máa bá mi fọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo ń bọ̀ wá gbà á lọ́la."

Ó wá lóòótọ́. Kò sí ọjọ́ tí kò wá títí ìsinmi tó gbà wá sílé láti Kàdúná fi fẹ́ parí.

"Iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe ní Kàdúná?"

"A ń rọ ọta ìbọn fáwọn ṣọ́jà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ìbílọlá. Ọta ìbọn àwọn ajínigbé ló pa Akinolúwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́nà oko.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ní, "Ọwọ́ tó ń rọ ohun tó pa ọmọ mi kò ní di ọmọ mi kejì mú."

Ìbílọlá bẹ Dúrótoyè pé kó fiṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Ìbí mi, mo jáde ilé-ìwé, mi ò ríṣẹ́. Ibẹ̀ nìkan ló gbà mí. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn tí a jọ ń ṣe é di ẹbí. Mo sì ń sọ fún ara mi pé ṣọ́jà tí kò ní ọta kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà mìíràn, mo gbà á gbọ́."

"Nígbà mìíràn ńkọ́?"

Dúrótoyè padà sí Kàdúná, Ìbílọlá kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sunkún bó bá ti dún.

Lọ́dún Kérésì, Dúrótoyè wá dọ̀bálẹ̀ ní àgbàlá wọn. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ àdúrà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé o ti fiṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀?"

"Rárá, Mà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Òun ni mo fi ń bọ́ ìyá mi àtàwọn àbúrò mi."

"Ṣé o ń rí oorun sùn?"

"Kì í ṣe lójoojúmọ́, Mà. Mo máa ń ro ibi tí wọ́n ń kó ọta náà lọ."

Ìyá wò ó títí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Àwọn tó pa Akinolúwa ń sùn dáadáa," ó ní. "Ọkàn tìrẹ ṣì ń dá ọ lẹ́jọ́. Dìde. Ìbílọlá, bu omi fún ọkọ rẹ."

Ìbílọlá bu omi kún ife wá. Dúrótoyè fọwọ́ méjèèjì gba ife náà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì tètè fọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ti wọlé lọ wá àga.