Ohun Tí Enid Fi Pẹ́ńsùlù Búlúù Kọ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Enid Tapsell náà ni mo ti bá a bínú.

Ọdún 1967 ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ́fíìsì tí a ti ń ṣe ìwé àwòrán ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Eré tẹlifíṣọ̀n kan wà nígbà náà, Ẹ̀ṣọ́ Òfurufú, nípa Ọ̀gá Brackley tó ń wa ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀. Àwa la ń sọ eré náà di àwòrán inú ìwé. Enid ń yà á láti ilé rẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́. Èmi, Wilf Scaife, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sínú òbìrìkìtì ìwé funfun, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán.

Òjò ń kán lára kóòtù rẹ̀ nígbà tó wọlé lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀gbẹ́ni Prewett," ó sọ fún ọ̀gá wa, "ta ló lẹ ìwé bo ìrù ọkọ̀ mi? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya ìrù yẹn!"

"Scaife ni."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ ò rí i ni? Àbí wọn ò kọ́ yín láti wo àwòrán nílé ìwé?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kàwé mọ. Òun nìkan ni kò mọ̀. Mo búra níbẹ̀ pé mi ò ní bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Èmi kì í búra lásán. Ọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ ní 1948, mi ò tíì kí i títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo rí ọ̀rọ̀ tó fi pẹ́ńsùlù búlúù kọ sí etí àwòrán rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í rí búlúù, ìdí nìyẹn tí àwa oníṣẹ́ fi ń fi í kọ ohun tí a ò fẹ́ kó jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni Scaife, wọ́n ti sọ fún mi. Mi ò mọ̀ ni, ẹ forí jì mí. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún yín lókè."

Mo lẹ òbìrìkìtì mi sí àyè náà. Ó bá a mu gan-an. Ìyẹn tún bí mi nínú.

Lọ́sẹ̀ mìíràn ó kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára ju ti bàbá mi lọ, olùkọ́ sì ni. Ó ń bú eré yìí, àmọ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń já ìwé náà gbà kí ẹnikẹ́ni tó kà á." Lọ́sẹ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀: "Mo jẹ ẹja díndín lánàá. Ojú rẹ̀ le bíi tiyín."

Mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, Wilf?" Prewett bi mí.

"Ikọ́ ni, sà."

Oṣù méje ló fi lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá wá sí ọ́fíìsì, màá kọjú sí fèrèsé. Àmọ́ láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀nà onílẹ́tà ni mò ń wò. Mi ò fẹ́ kí ìwé mi bo ìkankan nínú àwọn ìràwọ̀ tó yà. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀, inú sì ń bí mi pé mo mọ̀.

Ni tẹlifíṣọ̀n bá dá eré náà dúró. Ó ku ojú ìwé méjì kí tiwa náà parí. Létí èkíní, Enid kọ ọ́ pé:

"Wilf, mò ń padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Whitby. Mo fẹ́ràn yín. Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di Sátidé, á yé mi."

Mo mú pẹ́ńsùlù búlúù, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Dúró. Mo fẹ́ràn rẹ." Mo lẹ àpòòwé pa, mo fi í ránṣẹ́, inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú ni orí mi tó pé. Ojú ìwé kì í padà sọ́dọ̀ ayàwòrán! Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, láti ọ̀dọ̀ mi sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó parí. Ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Mo sáré lọ sí ilé tó háyà.

"Ó ti lọ lánàá," ni onílé wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́kún bẹ́ẹ̀? Ojú ò tì yín!"

Ó ṣáà fún mi ní àdírẹ́sì bàbá rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà. Ó padà wá láìjẹ́ pé wọ́n ṣí i, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: "Ọmọ mi kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé, tó tún ń bínú bí ọmọdé. H. Tapsell."

Mo bá kó bàbá náà mọ́ àwọn tí mò ń bínú sí.

Ojú ìwé ìkẹyìn wà lórí tábìlì mi. Enid kò kọ nǹkan kan sí etí rẹ̀. Ọ̀gá Brackley dúró lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ń wo ayé wa lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí wọ́n ní kó sọ ni, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo rántí bàbá tó ń já ìwé gbà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo sún pẹ́ńsùlù búlúù sẹ́yìn, mo ki gègé bọ yíǹkì dúdú, mo kọ ọ́ sínú òbìrìkìtì Ọ̀gá Brackley pé:

"ENID, MI Ò BÍNÚ MỌ́. MO FẸ́RÀN RẸ. JỌ̀Ọ́, PADÀ WÁ. WILF."

Ta ní ń yẹ ìparí ohun tó ti kú wò? Ó kọjá. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á. Kó tó di ọ̀sán, Prewett ti lé mi jáde.

"Ta ni Enid nínú òfurufú, Wilf? Ta ni Enid?"

Láàárọ̀ Sátidé, ẹnìkan kanlẹ̀kùn yàrá mi. Enid ni, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Olóríkunkun," ó ní. "Gbogbo ìlú lo kọ́kọ́ sọ fún kó o tó sọ fún mi."

"Mo ti kọ́kọ́ fi búlúù kọ ọ́."

"Sí ojú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Wilf mi! Wilf mi ọ̀wọ́n!"

Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní òun ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ò ní bá a sọ̀rọ̀."

"Òun ló kọ́kọ́ rí i, Wilf. Ó ń jẹ ẹyin lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó mú bírò pupa, ó fa nǹkan sí i, ó sún ìwé náà sí mi."

Ó ṣí ìwé náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi, bàbá náà ti fi yíǹkì pupa fa àmì tí olùkọ́ máa ń fà fún ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè dáadáa.

Kò sí olùkọ́ tó fa irú rẹ̀ fún mi rí. Mo wò ó, mo tún wò ó. Mo wọ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kan gíláàsì ọkọ̀ náà.

Èmi, Wilf Scaife, èmi ni mo kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Òtútù ń mú níta. Ẹ wọlé, tíì ti hó."