Iná Ò Lọ

Fáìzàh ṣí ìdérí fírísà, àmọ́ òtútù kankan ò fẹ́ sí i lójú. Àwọn àpò oúnjẹ ajá tó ń jẹ́ Barka, tí wọ́n máa ń le koko, ti rọ̀ sórí ara wọn, omi ẹran sì ti ṣàn sí ìsàlẹ̀. Ó fi ìka tẹ ọ̀kan, ìka náà rì wọlé. Ó wo ẹ̀yìn fírísà. Wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ti fà á yọ lára ògiri. Kò béèrè ẹni tó fà á yọ, ó mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ ilé ìdáná. Ajá náà, Barka, wá dúró tì í, ó ń ju ìrù. Àkókò oúnjẹ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, ó kàn fẹ́ràn kó máa dúró ti ọmọ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe dé ìdí fírísà ajá ní Ouagadougou. Nígbà tí bàbá Fáìzàh kú, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ò ká gbogbo àwọn ọmọ mọ́. Bàbá Súbérù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara moto ní àdúgbò Dapoya níbẹ̀, ní kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ òun. Wọ́n fi í sílé ìwé, wọ́n sì dá a padà sẹ́yìn ní kíláàsì kan nítorí pé kò gbọ́ Faransé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde láti dáhùn ìbéèrè, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tí olùkọ́ fi lu tábìlì. Látọjọ́ náà ló ti pa ẹnu mọ́. Nílé ńkọ́? Àwọn ọmọ Bàbá Súbérù kì í ṣe ọmọ burúkú, àmọ́ Faransé àti Mooré, èdè àwọn ará ìlú náà, ni wọ́n fi ń ṣeré láàrin ara wọn, eré wọn a sì ti parí kó tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ilé kún, síbẹ̀ ọmọ náà ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn ún débi pé á máa ka ìwé àdúrà sókè, kó ṣáà lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Tàntí Jọkẹ́ ló wá yọ ọ́ nínú ìyẹn díẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ouaga ni Tàntí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Zone du Bois, ó sì ń gbé nínú ilé ńlá kan níbẹ̀, òun àti ajá rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbé e lọ sí Dakar lóòrèkóòrè. Ó bẹ Bàbá Súbérù pé kó yá òun ní ọmọ kan tó gbọ́n, tí yóò máa wá fún Barka lóúnjẹ. Bàbá Súbérù rò ó títí, ó gbà, ó wá sọ fún Fáìzàh pé, "Fún un lóúnjẹ o, àmọ́ má jẹ́ kó lá ọ. O ní ìrun láti kí."

Oúnjẹ ajá yẹn, ẹ̀yin ẹ wò ó! Ẹran màlúù tútù ni, pẹ̀lú ọkàn, ẹ̀dọ̀, ìrẹsì díẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fatimata ló ń lọ̀ ọ́ pọ̀ ní Kossodo, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ó ń dì í sí àpò kéékèèké, á jẹ́ kó dì gbagidi, á sì fi moto gbé e wá nínú kúlà. Tàntí kọ́ Fáìzàh ní gbogbo rẹ̀: kó fi ohùn ránṣẹ́ sí Fatimata lórí WhatsApp kí oúnjẹ tó tán, bí kúlà bá ti dé, kó kó àwọn àpò náà sínú fírísà lójú ẹsẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó mú àpò kan kúrò níbẹ̀ sínú fíríìjì kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì, èyí tí ajá bá jẹ kù, kó dà á nù, kó sì fi ọṣẹ fọ abọ́.

Tàntí wá ní, "Ohun tó bá ti yọ́, kò gbọdọ̀ padà sínú yìnyín mọ́. Á dì o, ojú ò ní mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ti bàjẹ́ nínú."

Bí iná bá lọ ńkọ́? Ìyẹn ò kan Fáìzàh. Tonton Souleymane, ọlọ́dẹ ẹnu géètì, ló ń tan jẹnẹrétọ̀. Àgbàlagbà ni, ó ti bá àwọn oníṣòwò wa gbé ní Dapoya tipẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè àlàáfíà ọmọ náà, òun náà a dáhùn, a sì wọlé lọ bá Barka. Ajá yìí ló ń rojọ́ fún: ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sunkún lórí fóònù. Barka a gbé etí sókè, a máa wo ẹnu rẹ̀.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Awa ló ba nǹkan jẹ́, àbí kí n ní Fáìzàh fúnra rẹ̀ ni. Awa àti Aminata, àwọn ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń wárí fún, rí i níbi tó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí géètì ilé ńlá yẹn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kó wá jókòó láàrin àwọn. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò tíì sún fún rí! Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ní àwọn fẹ́ wá wo inú ilé ọ̀hún. Tàntí ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Fáìzàh sì mọ̀ pé bóun bá kọ̀, bẹ́ǹṣì yẹn á tún kún mọ́ òun.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bẹ Tonton Souleymane pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà wọlé. Tonton họ orí, ó wo àwọn ọmọ náà, ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n mu bissap, tí àwa ń pè ní zobo, tó wà nínú fíríìjì. Awa gbé ẹ̀rọ orin wá, ó wá ibi tí yóò ti fi iná sí i, ó fa wáyà kan yọ ní ilé ìdáná. Fáìzàh rí i. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Aminata ti fa ọwọ́ rẹ̀ sínú ijó, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rín yẹn ṣì wà lára rẹ̀, kò rántí wáyà mọ́. Nínú ooru oṣù kẹrin ní Ouaga, ẹran wo ló máa dúró di ọjọ́ kejì láìsí iná?

Bó ṣe wá di ẹni tó jókòó sílẹ̀ ilé ìdáná lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn. Ó ṣe é ṣe kó pe Tàntí. Àmọ́ Tàntí á béèrè ẹni tó yọ wáyà, á gba kọ́kọ́rọ́, àwọn Awa ò sì ní sún fún un mọ́. Bó bá sì ní kí Fatimata gbé òmíràn wá, Tàntí ni Fatimata ń ránṣẹ́ sí nípa gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè. Ó nu omi ẹran náà, ó mú àpò kan sínú fíríìjì, ó ti wáyà bọ ògiri. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, gbogbo àpò tó kù ti dì, yìnyín funfun ti bò wọ́n. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó gbé èyí tó wà nínú fíríìjì síwájú Barka. Barka gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú kúrò, ó wo Fáìzàh. Fáìzàh ní kó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́, nítorí pé òun ló gbé e fún un.

Èébì ni Tonton Souleymane kọ́kọ́ rí lágbàlá, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀. Ó pe Tàntí ní Dakar, Tàntí ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko. Dókítà gún ajá náà lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó ní ẹran tó ti bàjẹ́ ló jẹ, òun ò sì lè ṣèlérí pé á yè. Tàntí pe Fáìzàh, ó béèrè ohun tó ṣe ẹran.

Fáìzàh ní, "Iná lọ, Tàntí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ta ni yóò jiyàn ẹ̀ ní Ouaga lásìkò ooru? Tàntí gbà á gbọ́. Ó ní, "Iná lọ, Souleymane ò sì tan jẹnẹrétọ̀?"

Fáìzàh ò rò ó débẹ̀ yẹn. Ó dákẹ́, Tàntí sì gba ìdákẹ́ yẹn sí bẹ́ẹ̀ ni.

Nílé ìwé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Awa. Awa ní, "Moi? Èmi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o," ó sì gbé báàgì rẹ̀ sórí àyè tó wà láàrin òun àti Aminata. Àyè ti tán fún un. Nígbà tí Fáìzàh dé Zone du Bois, ó bá Tonton Souleymane níbi tó ti ń ká ẹní rẹ̀. Tàntí ti ní kó máa lọ, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ rẹ̀. Barka nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí.

Fáìzàh bi Tonton ní ohùn kékeré bóyá ó sọ fún Tàntí pé àwọn ọmọbìnrin wá. Tonton ní òun ò sọ. Fáìzàh bi í pé kí ló dé.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn," ni Tonton wí. "Wọ́n ní kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni, mo ṣí i. Láti ìgbà tó o ti ń wá síbí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bá ọ wí."

Ojú ti Fáìzàh, ojú tì í wọ inú eegun. Ó ti ń sunkún fún ajá pé òun ò lẹ́nìkan, ẹnìkan sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó yọ fóònù. Ó pe Tàntí.

"Tàntí, ẹ jọ̀ọ́, iná ò lọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: àwọn ọmọbìnrin, wáyà, yìnyín tó padà bo ẹran. Tàntí sọ̀rọ̀, kò pariwo rárá.

"Bó o bá sọ fún mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹran nìkan là bá dà nù. Gbé fóònù fún Souleymane."

Tonton gbọ́ ohun tó sọ, ó ní "oui, Madame", ó dá fóònù padà, ó sì tú ẹní rẹ̀ tó ti ká: Tàntí ti ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tàntí ní kí Fáìzàh fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ní òun á dárí jì í, àmọ́ kì í ṣe lónìí. Òun àti Tonton kó gbogbo àpò fírísà jáde, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n, wọ́n fọ fírísà náà mọ́. Fáìzàh fi ohùn ránṣẹ́ sí Fatimata pé kó gbé oúnjẹ tuntun wá, ní Faransé rẹ̀ tó mẹ́hẹ, kò sì bìkítà ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Ó dá rìn lọ sílé, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá Súbérù kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, kí ènìyàn dá wà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń dunni, mi ò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ fi ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ yín ra àyè lórí bẹ́ǹṣì, kò ní sún fún yín lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Irọ́ tí ẹ bá fi bò ó, ẹni tí kò ṣẹ̀ yín ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Barka yè. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Fáìzàh lọ kanlẹ̀kùn géètì. Tonton Souleymane béèrè ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, Fáìzàh sì dárúkọ ara rẹ̀. Tonton ò jẹ́ kó wọlé, Tàntí ò tíì gbà á láyè. Ó fa Barka jáde, ó ti géètì padà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó gbé àga kan síta fún ọmọ náà, òun náà sì jókòó tì í láti bá a sọ̀rọ̀.